ÀGBÀ TÍ IYÈ RẸ̀ Ń RA

Láàárín ọdún 1950 sí 1951, àwọn ènìyàn kan tí a ń pè ní Àtíńgà gba ilẹ̀ Dàhòmì, èyí tí í ṣe orílẹ̀-èdè Benin lónìí, wọ ilẹ̀ Kétu àti ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa nísinsìnyí. Láti ìhà àríwá Gold Coast, tí ó di Ghana ní 1957, ni orísun ẹ̀sìn wọn ti wá. Iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn wá ṣe ni láti gba ìlú lọ́wọ́ àwọn àjẹ́. Bí wọ́n bá ti dé ìlú kan, wọn a lu ìlù, wọn a sì máa jó ní gbangba títí ẹ̀mí yóò fi gun àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà láàárín wọn. Àwọn tí ẹ̀mí gùn wọ̀nyí ni yóò máa na ìka sí ẹni tí wọ́n ní ó jẹ́ àjẹ́. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n nàka sí, àwọn arúgbó kò sì kéré nínú wọn. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ yóò san owó kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹni tí ó bá sẹ́ yóò mú adìẹ wá. Wọn a dúńbú adìẹ náà, wọn a jù ú sílẹ̀, bí ó bá sì ti dùbúlẹ̀ kú ni wọn yóò fi dá obìnrin náà láre tàbí lẹ́bi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di rògbòdìyàn, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè wọ́n ní ọdún 1951.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ yìí, nítorí pé òun ni ẹnu ọ̀nà tí a ó gbà wọ inú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó rọrùn láti mọ ìdí tí obìnrin tí èrò yí ká fi lè jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe: ẹ̀rù ń bà á, ó sì fẹ́ lọ sí ilé. Àwọn onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí Àtíńgà sì ti fi yé wa pé owó kòkó tí ó ń ya wọ ilẹ̀ náà lákòókò yẹn, pẹ̀lú ìlara sí àwọn obìnrin tí ọjà ń tà fún, ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní Ghana, níbi tí irú ojúbọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀, àwọn obìnrin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò nàka sí rárá. Fúnra wọn ni wọ́n dìde ní ilé, tí wọ́n rin ìrìn àjò lọ sí ojúbọ, tí wọ́n sì fi ẹnu ara wọn wí pé àjẹ́ ni àwọn, pé àwọn ni àwọn ba ilé àwọn jẹ́. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, M. J. Field, tí ó ti jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà ní ilẹ̀ náà kí ó tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, jókòó ti àwọn ojúbọ wọ̀nyí ní ilẹ̀ Ashanti, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé tí ó jáde ní 1960. Ó rí i pé púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tí ń pe ara wọn ní àjẹ́ ni ó ní àìsàn, àìsàn náà sì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó ti di àrùn. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti ṣe làálàá pẹ̀lú ọkọ láti ọjọ́ èwe, ó ti tọ́ ọmọ, ó ti ṣòwò. Nígbà tí ó wá dàgbà tán, ọkọ fẹ́ ìyàwó kékeré. Kò lè sùn mọ́, kò lè jẹun mọ́, gbogbo ibi tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé láti ogún ọdún sẹ́yìn ni ó wá ń kà sí ọrùn ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé àjẹ́ ni í ba ilé jẹ́, kí ni kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ tún pe ara rẹ̀?

Àwọn Yorùbá ní òwe kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn láti máa kọ sínú àròkọ: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?" Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo máa ń fi gègé pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Òwe náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n adájọ́ tí ó bá fi dá ẹjọ́ yóò pa aláìṣẹ̀. Ohun méjì ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn; òwe náà kò sọ fún wa bí ọmọ náà ti ní ibà, kò sì sọ fún wa ìdí tí arúgbó náà fi ké lóru. Ẹ wo àwọn ohun tí àdúgbò fi í fura sí arúgbó: ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń rìn kiri nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, ó ń pe orúkọ àwọn tí ó ti kú bí ẹni pé wọ́n wà nínú yàrá, ó ń fi ẹ̀sùn kan ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé ó jí aṣọ òun. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í rí lára àgbà tí àrùn mú ọpọlọ rẹ̀.

Orúkọ tí a bá sọ ohun kan ni ó ń pinnu ọwọ́ tí a ó fi mú un. Ẹni tí a bá pè ní àjẹ́, a ó lé e jáde, tàbí kí a ṣe é ní ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí a bá pè ní wèrè, a ó tì í mọ́lé. Báyìí ni ìjọba àmúnisìn ṣe nígbà tí ó ṣí ilé wèrè sí Calabar ní 1904 àti sí Yaba ní Èkó ní 1907, tí ó sì ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ wọn ní 1916; ilé ìtìmọ́lé ni àwọn ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ju ilé ìwòsàn lọ. Òfin tí ó ti inú ti 1916 yìí jáde ni ó wà nínú ìwé òfin wa títí di oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí a tó yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ìwé òfin.

Orúkọ kan tún wà tí kò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n tí ó ti pa àwọn àgbà lára púpọ̀: pé ọjọ́ orí ni. A máa ń wí pé, "Bàbá ti ń ṣarán," a ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1901, wọ́n mú obìnrin kan, Auguste Deter, wá sí ilé ìwòsàn ní ìlú Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹni ọdún 51 ni. Dókítà Alois Alzheimer bi í ní orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́. Ó bi í ní orúkọ ọkọ rẹ̀, obìnrin náà tún pe orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1906, dókítà náà fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó sì rí i pé ó ti sún kì, àti pé àwọn ohun àjèjì ti dì káàkiri inú rẹ̀. Ní 1910, Emil Kraepelin fi orúkọ Alzheimer pe àrùn náà nínú ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, àwọn dókítà Yúróòpù gbà pé àrùn àwọn tí kò tí ì darúgbó ni. Bí ẹni ọdún 80 bá ń ṣe bí Auguste, wọn a ní ọjọ́ orí ni. Ní 1968 ni Blessed, Tomlinson àti Roth, tí wọ́n ti yẹ ọpọlọ àwọn arúgbó tí ó kú wò ní Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ jáde pé irú ohun tí Alzheimer rí ni ó kún inú ọpọlọ àwọn tí iyè wọn ra, kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn arúgbó tí iyè wọn pé títí wọ́n fi kú. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá dàgbà ni yóò ṣarán. Ẹni tí ó bá ń ṣarán, ohun kan ni ó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin péré lẹ́yìn Àtíńgà, ní ẹkùn Abẹ́òkúta kan náà tí ilẹ̀ Ẹ̀gbádò wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ tí ìtàn kò gbọdọ̀ gbàgbé. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn Àró ní 1954. Kò dúró de ìgbà tí gbogbo ilé náà yóò parí. Ó lọ bá àwọn ará abúlé mẹ́rin tí ó wà ní àyíká Àró, ó sì bá wọn ṣe àdéhùn pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn òun sí ilé wọn, kí wọ́n sì máa gba owó yàrá. Òfin kan ni ó fi lélẹ̀: aláìsàn kò gbọdọ̀ wá ní òun nìkan. Ará ilé rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ará ilé yìí ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀, tí yóò sì sìn ín padà sí abúlé. Ilé ìwòsàn náà yá àwọn ará abúlé lówó láti tún ilé wọn kọ́, ó sì pèsè omi tó mọ́ fún wọn; nípa bẹ́ẹ̀, dídé àwọn aláìsàn di èrè fún abúlé dípò kí ó di ìpayà. Lambo sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, nítorí pé wọ́n mọ àwọn ènìyàn náà, àwọn ènìyàn náà sì mọ̀ wọ́n. Àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè wá wo ètò yìí, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní 1973.

Ètò Àró kì í ṣe ti àwọn arúgbó nìkan. Tọmọdé tàgbà ni ó wà fún. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nínú rẹ̀ ni ará ilé tí ó jókòó ti aláìsàn yẹn. Abúlé tí ó lè kó ara jọ láti wo bí adìẹ yóò ti kú, òun náà ni ó lè yọ̀ǹda yàrá fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò yá. Ènìyàn kan náà ni wọ́n. Ohun tí a sọ fún wọn ni ó yàtọ̀.

Lambo tún ṣe iṣẹ́ kejì. Ní 1953, J. C. Carothers, dókítà kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, kọ ìwé fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì wí níbẹ̀ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn Áfíríkà. Lambo àti Alexander Leighton, láti ilé ẹ̀kọ́ gíga Cornell ní Amẹ́ríkà, kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ sí àwọn abúlé ní ìhà Abẹ́òkúta, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1963. Ìrẹ̀wẹ̀sì náà wà níbẹ̀ dáadáa. Àwọn ará abúlé kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń pè é, ṣùgbọ́n bí a bá ka àwọn àmì rẹ̀ fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a ní àwọn mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí di òní. Àgbà Yorùbá kì í sábà wí pé inú òun bàjẹ́ láìnídìí. Yóò ní orí òun ń gbóná, pé ohun kan ń rìn òun lára bí èèrà, pé àyà òun ń já, pé oorun kò kun òun. A ó fún un ní oògùn ibà, ibà yóò lọ, oorun kò ní í padà. Láàárín ọdún 2003 sí 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn bi àwọn àgbà 2,152 léèrè ọ̀rọ̀, gbogbo wọn jẹ́ ẹni ọdún 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, nǹkan bí méje ni ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó di àrùn ti mú láàárín ọdún kan. Bí 200 àgbà bá ń jókòó ní iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín. Àrùn yìí sì gbóògùn.

Ìwádìí tí ó wù mí jù láti sọ fún yín ni ti Ìdíkàn, ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Òṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, pẹ̀lú Adésọlá Ògúnníyì, Olúṣẹ́gun Baiyewu àti àwọn mìíràn ní Yunifásítì Ìbàdàn, dara pọ̀ mọ́ Hugh Hendrie àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ mọ iye àwọn àgbà tí iyè wọn ń ra ní Ìdíkàn, kí wọ́n sì fi wé iye ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àwọn tí a kó baba ńlá wọn ní ẹrú kúrò ní ìhà tiwa yìí. Ìṣòro dé lọ́wọ́ kan. Ìdánwò tí àwọn òyìnbó fi ń mọ iyè tí ó ra ní kíkọ àti kíkà nínú. A ó ní kí arúgbó kọ gbólóhùn kan, kí ó ya àwòrán. Màmá tí kò di gègé mú rí láti ọjọ́ tí a ti bí i, báwo ni a ó ṣe sọ pé iyè rẹ̀ ra nítorí pé kò lè kọ̀wé? Wọ́n lo ìdánwò tí kò bèèrè ìwé rárá, èyí tí a ti kọ́kọ́ lò láàárín àwọn Cree, àwọn onílẹ̀ ní Kánádà, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Nígbà tí ó yá, Baiyewu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe òmíràn tí ó fi igi ìṣáná rọ́pò gègé: wọn a to igi ìṣáná ní àrà kan, àgbà náà yóò sì to irú rẹ̀. Ta ni kò di igi ìṣáná mú rí nínú ilé ìdáná?

Ọjọ́ orí pàápàá jẹ́ ìṣòro, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kò ní ìwé ìbí. Ìtàn ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Wọn a bi àgbà léèrè ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó bá láyé àti bí òun ti tó nígbà náà, bí ẹni tí a lè bi bóyá ó ti ń rìn nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ti 1918. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi olùkọ́ ìtàn yín pé kí ni ìwúlò ọdún tí ẹ ń há sórí, ẹ gbọ́ èyí.

Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Nínú ẹgbẹ̀rún kan àgbà tí iyè wọn ṣì pé ní Ìbàdàn, nǹkan bí 13 sí 14 ni iyè wọn ń bẹ̀rẹ̀ sí í ra lọ́dọọdún. Ní Indianapolis, nǹkan bí 32 ni. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan fi èyí yangàn pé àrùn náà kì í ṣe tiwa. Kí wọ́n tún kà á: 13 kì í ṣe òfo. Ní orílẹ̀-èdè tí ẹ̀mí àwọn ènìyàn ti ń gùn sí i, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti pọ̀, iye náà kò ní í dín kù. Ohun kan sì tún wà tí ó yẹ kí a rò. Láti mọ̀ pé iyè ènìyàn ń ra, a ní láti rí i pé kò lè ṣe iṣẹ́ tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ilé Yorùbá, iṣẹ́ wo ni a fi sílẹ̀ fún àgbà? Ọmọ ń pọn omi fún un, ìyàwó ọmọ ń se oúnjẹ, ọmọ-ọmọ ń lọ ra nǹkan ní ọjà, ẹnikẹ́ni kì í sì já a ní irọ́ bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìwà rere ni. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi bo àgbà nítorí ọ̀wọ̀ lè bo àrùn mọ́ ọn lára.

Mo mọ télọ̀ kan ní ìlú tí mo ti ṣiṣẹ́ rí. Aṣọ ọdún gbogbo àdúgbò, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń ti jáde. Nígbà tí ó dàgbà, ó rán apá méjèèjì bùbá kan sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Oníbàárà náà dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó san owó, ó sì gbé aṣọ náà lọ fún télọ̀ mìíràn láti tú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn ṣe, àti ẹlòmíràn. Ó tó ọdún méjì tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀, tí àwọn ọmọ bàbá náà kò sì mọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ kan àgbà lábùkù. Ọjọ́ tí bàbá náà sọnù lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń rìn láti ogójì ọdún ni ọ̀rọ̀ tó tú síta.

Nítorí náà, kí ni ẹ ó máa wò? Kì í ṣe ìgbàgbé lásán. Ẹni tí ó gbàgbé ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí, tí ó sì rántí nígbà tí ó ṣe, kò ṣe ohun àjèjì. Ẹni tí ó di kọ́kọ́rọ́ mú tí kò mọ ohun tí a fi í ṣe mọ́, ọ̀rọ̀ di ti dókítà. Ẹ wo ẹni tí ó bi yín ní ìbéèrè kan náà ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún kí ọbẹ̀ tó jinná, tí kò mọ owó kà mọ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣòwò ni, tí ó ń jí ní òru tí ó ní ilẹ̀ ti mọ́. Ìwọ̀nyí máa ń wá díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù àti ọdún. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní tirẹ̀ yàtọ̀: àgbà náà mọ ibi tí ó wà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́, oúnjẹ kò wù ú, ọmọ-ọmọ wọlé, kò gbé ojú sókè. Bí ẹ bá gbọ́ tí ó ń wí pé ó sàn kí òun ti kú, ẹ má ṣe kà á sí ọ̀rọ̀ àgbà lásán. Ẹ sọ fún òbí yín ní ọjọ́ náà gan-an.

Èyí tí ó lè pani kíákíá ni ti òjijì. Bí ìyá àgbà tí iyè rẹ̀ pé ní ọjọ́ Ajé bá ń sọ ìsọkúsọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀, tàbí tí ó kàn ń tòògbé tí kò dáhùn dáadáa, arán kì í wá báyẹn. Ó lè jẹ́ ibà, òtútù àyà, àrùn ojú ọ̀nà ìtọ̀, àìmu omi tó, tàbí oògùn tí kò bá ara rẹ̀ mu. Bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, tí apá kan sì kọ̀ láti gbé, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀; kì í ṣe orí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta, kì í sì í ṣe ilé ẹni tí yóò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ òpó. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà lè gbà á nínú ọkọ̀ bí wọ́n ti ń lọ.

Dókítà yóò bi ará ilé léèrè ọ̀rọ̀, nítorí pé aláìsàn náà kò lè sọ ìtàn ara rẹ̀ mọ́. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Kí ni ẹ kọ́kọ́ rí? Oògùn wo ni ó ń lò? Níbí ni ọmọ ilé-ìwé ti lè ṣe ohun tí àgbàlagbà ilé kò ráyè ṣe: kí ó mú ìwé kékeré kan, kí ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ sínú rẹ̀. Dókítà yóò fi mọ̀ bóyá ohun tí ó gbóògùn ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn ohun kan wà tí ń mú iyè ra tí a lè tún ṣe, bí àìtó àwọn èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí etí tí kò gbọ́ràn mọ́ tí gbogbo ènìyàn rò pé ọpọlọ ni. Èyí tí Alzheimer rí kò tí ì ní oògùn tí ń wò ó sàn. Ìtọ́jú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ilé.

Ìtọ́jú náà sì wúwo. Orí obìnrin kan ṣoṣo ni a sábà máa ń gbé e lé, ọmọbìnrin ilé tàbí ìyàwó ọmọ, tí kì í sùn ní òru, tí ó sì tún gbọ́dọ̀ jí lọ sí ọjà. Kí àwọn ọmọkùnrin tí ń fi owó ránṣẹ́ láti Èkó àti láti òkè òkun máa rántí pé owó kì í jókòó ti ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ gba wákàtí kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Àṣà kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ àgbà tí iyè rẹ̀ ń ra, a máa ń kúnlẹ̀, a ó sì bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ mí?" Ojú yóò ti ìyá àgbà náà, yóò máa wá orúkọ kiri bí ẹni tí ó sọ owó nù. Kí ni ó dé tí a fi ń ṣe ìdánwò fún ẹni tí a wá kí? Ẹ sọ orúkọ yín kí ó tó wá a: "Màmá, ẹ kúulé o. Èmi Bọ́lá ni, ọmọ Àdùkẹ́ yín." Kí ẹ sì kì í ní oríkì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àná lè ti lọ pátápátá, kí oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń kì í ní kékeré sì wà síbẹ̀ digbí. Ẹ ó rí i tí ètè rẹ̀ yóò máa bá yín lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, púpọ̀ nínú wọn a máa di ẹrù wọn, wọn a ní àwọn ń lọ sí ilé. Inú ilé ara wọn ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn bí ẹni ti ewúrẹ́ mọ́lé, ẹ má sì ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ bá ìyá àgbà gbé àpò rẹ̀. Ẹ bi í bí ilé náà ti rí, àti àwọn tí ó wà níbẹ̀. Yóò sọ fún yín, ilé baba rẹ̀ ni yóò sì jẹ́, tí ó ti wó láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ rìn yí àgbàlá po lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá padà dé ẹnu ọ̀nà, ẹ kí i pé, "Ẹ kú àbọ̀, Màmá," kí ẹ gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní omi mu.